Káńsù Tuntun, Ìlú Méjì: Ibo Ni Sẹkitéríàtì Máa Wà?

Lóṣù Kẹta ọdún 2025, àbádòfin tó fẹ́ sọ káńsù LCDA 37 tó wà l'Ékòó (Local Council Development Area, ìyẹn káńsù tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀) di ìjọba ìbílẹ̀ gidi la kíkà kejì kọjá nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ni mò ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn: tí káńsù bá kó ìlú méjì pọ̀, èwo ni oríkò, ìyẹn ìlú tí sẹkitéríàtì káńsù máa wà?

Ṣebí káńsù 57 ti wà l'Ékòó tipẹ́?

Wọ́n wà, àmọ́ 20 péré ni ìwé òfin Nàìjíríà dárúkọ. Gómìnà Bọ́lá Tinúbú ló dá 37 yòókù sílẹ̀ lọ́dún 2003. Ìyẹn bí Ààrẹ Ọbásanjọ́ nínú, ìjọba àpapọ̀ sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Lóṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó náà dúró. Ó ní òfin tí Èkó ṣe tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì pé, àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá parí iṣẹ́ tó kù. Bí 37 yẹn ṣe di LCDA nìyẹn. Tí àbádòfin yìí bá wá di òfin, ìjọba ìbílẹ̀ 774 Nàìjíríà á di 811.

Ilé kan ṣáà ni sẹkitéríàtì. Kí ló ń mú ìlú méjì tìtorí ẹ̀ bínú síra wọn?

Torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹsẹ̀ ń já sí. Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, orúkọ òpópónà, àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti ìgbéyàwó, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo wọn. Ibi tí sẹkitéríàtì bá wà, olóúnjẹ á pa búkà síbẹ̀, oní-fọ́tókọ́pì á dé, ayàwòrán pásípọ́ọ̀tì á dé, owó ilé á gbéra. Owó tún wọ̀ ọ́: ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. LCDA tí kò sí nínú ìwé òfin kò lè nawọ́ gba tiẹ̀.

Àwọn ará Ìkòyí sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá ṣí lọ. Lẹ́yìn tí olú-ìlú Nàìjíríà kúrò l'Ékòó lọ sí Àbújá lóṣù Kejìlá ọdún 1991, sẹkitéríàtì ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ti rí ilé yẹn kò ní sọ pé ilé kan ṣáà ni.

Tí wọ́n bá so orúkọ ìlú méjèèjì pọ̀ ńkọ́?

A ti ṣe é: Ìtirẹ́-Ìkátè, Àgbóyì-Kétu, Ìkòyí-Ọbáléndé. Orúkọ ṣeé so pọ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ilé lè dúró sí.

Ta ló máa yan ibẹ̀?

Abala 8 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé òfin tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe láti dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ ló máa mẹ́nu ba orúkọ àti oríkò rẹ̀. Kí òfin náà tó jáde ni ká ti sọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ̀mí ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí lọ rí?

Ó ti bá a lọ, ó sì ṣì ń dùn mí. Lọ́dún 1997, wọ́n gbé oríkò Ìjọba Ìbílẹ̀ Warri South-West kúrò ní Ogbe-Ijoh tó jẹ́ ìlú àwọn Ijaw, wọ́n gbé e lọ sí Ogidigben tó jẹ́ ti àwọn Itsekiri. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, ilé jóná. Lọ́dún yẹn kan náà, nílẹ̀ tiwa, ibi tí wọ́n máa fi oríkò Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí wà lára ohun tó tún dáná sí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ìjà yẹn ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wọn, sẹkitéríàtì kọ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo ti wà nílẹ̀, kò yẹ kí ìjọba ológun ìgbà yẹn máa ṣáná síbẹ̀. Wọ́n dá káńsù sílẹ̀ láti òkè, láìjókòó ti àwọn tó máa gbé inú ẹ̀.

Ẹnì kan fẹ́ ta ilẹ̀ fún mi, ó ní sẹkitéríàtì ń bọ̀ nítòsí. Kí n rà á?

Ẹ má tìtorí ìyẹn rà á. Kíkà kejì kì í ṣe òfin. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ku kíkà kẹta, ilé aṣòfin àgbà, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36.

Kí làwa ará àdúgbò lè ṣe báyìí?

Ẹ jẹ́ kí ọba, baálẹ̀, ẹgbẹ́ onílé àti ìyálọ́jà ìlú méjèèjì jókòó pa pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí ìlú tó kọ́kọ́ tẹ̀dó. Ẹ bèèrè iye tí ìyá arúgbó máa san fún kẹ̀kẹ́ kó tó débẹ̀, bóyá omi máa ń ya bo ojú ọ̀nà náà lásìkò òjò, àti ẹni tó ni ilẹ̀. Kí ìlú tí oríkò kò bá bọ́ sí lọ́wọ́ gba ilé ìwòsàn, tàbí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan, kí ìlú méjèèjì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì mú un lọ bá aṣojú yín l'Ábùjá kí wọ́n tó dìbò.