Owó Tí Olówó Ò Wá Gbà

Ní ọdún 1965, ìpínlẹ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Texas, New Jersey, Pennsylvania àti Florida, wà níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà nítorí dọ́là 26,461 àti sẹ́ǹtì 65. Owó táṣẹ́rẹ́ ni lójú ìjọba. Gbèsè tí ilé iṣẹ́ epo Sun Oil jẹ nǹkan bí èèyàn 1,730 ni wọ́n ro pọ̀ tó fi di iye yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ sọ̀wédowó tí wọ́n ti kọ fún olówó, tí olówó ò sì fi gbowó. Òmíràn nínú gbèsè náà ti tó ogójì ọdún. Ẹlòmíì nínú wọn á ti kó lọ, ẹlòmíì á ti kú, ẹlòmíì á sì ti gbàgbé pé òun bá Sun Oil da nǹkan pọ̀ rí.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ẹjọ́ náà ni ìbéèrè tí àwọn ìpínlẹ̀ yìí ò tiẹ̀ bá ara wọn fà. Kò sí èyí tó dìde pé kí Sun Oil fi owó náà sápò. Ìpínlẹ̀ tí yóò gbà á nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tí wọ́n ti gbà láìjanpata pé owó tí olówó ò wá gbà, ọ̀dọ̀ ìjọba ló ń lọ? Ìtàn rẹ̀ gùn, ọwọ́ ìjọba kò sì mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí William ti Normandy ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1066, ọba ló ni gbogbo ilẹ̀. Àwọn yòókù kàn ń gbé orí rẹ̀ ni, lábẹ́ olóyè kan, olóyè yẹn lábẹ́ olóyè mìíràn, títí tó fi kan ọba. Bí ẹni tó ń lo ilẹ̀ bá kú tí kò ní àrólé, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ olóyè rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, bákan náà ni. Escheat ni wọ́n ń pe ìpadàbọ̀ yìí. Wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ọba sí àgbègbè gbogbo láti máa ṣọ́ ẹni tó kú àti ohun tó fi sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yìí sì ni aráàlú lára débi pé inú orúkọ iṣẹ́ wọn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà cheat, ìyẹn kí á rẹ́ni jẹ, ti jáde. Ní 1215, Magna Carta, ìwé àdéhùn tí àwọn olóyè mú kí ọba tẹ̀ lé, kó ọba níjàánu díẹ̀: kò gbọ́dọ̀ di ilẹ̀ ọ̀daràn mú ju ọdún kan àti ọjọ́ kan lọ, kó tó dá a padà fún olóyè tó ni ín.

Ohun tí kì í ṣe ilẹ̀, bí owó àti ohun ọ̀ṣọ́, ní orúkọ tirẹ̀ lédè Látìnì: bona vacantia, ẹrù tí kò lólówó. Ọba ló ń kó òun náà. Títí dòní, bí ẹnì kan bá kú ní England láìṣe ìwé ìhágún, tí kò sì ní mọ̀lẹ́bí tó lè jogún rẹ̀, ọ̀dọ̀ Adé, ìyẹn ìjọba ọba, ni ohun ìní rẹ̀ ń lọ. Ti àgbègbè Lancaster àti Cornwall nìkan ló yàtọ̀, tí Duchy ibẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìdílé ọba níbẹ̀, ń gbà. Ìjọba ń gbé orúkọ irú òkú bẹ́ẹ̀ síta, mọ̀lẹ́bí sì lè yọjú títí di ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú.

Ọ̀rọ̀ yìí á ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà ní agbo ilé Yorùbá. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ṣòro kí ohun ìní èèyàn di òfo. Ẹni tó kú láìbímọ, ọmọ ìyá rẹ̀ wà. Bí kò bá sí ọmọ ìyá, ẹbí wà. Ilẹ̀ ìdílé kì í bá ẹni tó ń dáko níbẹ̀ kú. Mo gbà pé ibi tí ọba ti sọ pé òun ló ni gbogbo ilẹ̀ ni irú òfin yẹn ti lè rí ẹsẹ̀ tì.

Nígbà tí Amẹ́ríkà já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìpínlẹ̀ jókòó sípò ọba, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ yìí mọ́ra. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Báǹkì ìfowópamọ́ ló yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Ilẹ̀ kì í fara pa mọ́. Gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó ni ín. Owó báǹkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé pélébé kan ló ń jẹ́rìí sí i, bí ẹni tó ni ìwé náà bá sì kú sẹ́yìn odi, iyàwó rẹ̀ lè má mọ̀ láéláé pé ó fi nǹkan pamọ́. Báǹkì nìkan ló mọ̀, ìdí wo ni yóò sì fi pariwo? Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, agbo ilé wa náà kò yàtọ̀ mọ́, nítorí ẹbí kò lè jogún ohun tí kò mọ̀ pé ó wà.

Massachusetts ṣe òfin pé owó tó bá ti wà ní báǹkì ìfowópamọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò fi kún un tàbí yọ níbẹ̀, tí wọn ò sì rí olówó, kí báǹkì kó o fún akápò ìpínlẹ̀. Báǹkì Provident Institution for Savings ní Boston gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1911, wọ́n dá ìpínlẹ̀ láre. Inú òfin yẹn ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú mi wà: olówó tàbí ajogún rẹ̀ ṣì lè wá sọ́dọ̀ akápò, kó sì gba owó rẹ̀. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jogún ni. Akápò Massachusetts ń bá èèyàn tọ́jú ni. Láti ìgbà náà wá, orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

New York kó tirẹ̀ jọ sínú òfin kan ní 1943. Ní 1954, ẹgbẹ́ àwọn amòfin tó ń wá bí òfin àwọn ìpínlẹ̀ yóò ṣe bára mu kọ òfin àwòṣe kan. Báǹkì àti ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ jíhìn owó tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè fún ọdún méje, wọ́n á polongo orúkọ nínú ìwé ìròyìn, olówó sì lè wá nígbàkigbà. Nígbà tí wọ́n tún un kọ ní 1981, ọdún méje náà di márùn-ún.

Mi ò ní sọ pé àánú olówó nìkan ló ń ṣe àwọn ìpínlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ń wọ àpò gbogbogbòò, wọ́n ń ná an, wọ́n á kàn fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá. Ìdí tí Sun Oil fi di ìjà nìyẹn. New Jersey ní òun ni, nítorí ọ̀dọ̀ òun ni ilé iṣẹ́ náà ti forúkọ sílẹ̀. Pennsylvania ní ọ̀dọ̀ òun ni olú ilé iṣẹ́ wà. Texas ní inú ìwé ọ́fíìsì tó wà lọ́dọ̀ òun ni gbèsè náà wà. Florida tó wọlé kẹ́yìn ló sọ ohun tó bọ́gbọ́n mu: gbèsè, ohun ìní ẹni tí wọ́n jẹ ẹ́ ni, nítorí náà kí owó tẹ̀ lé àdírẹ́sì rẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ìwé ilé iṣẹ́. Adájọ́ Hugo Black gba ti Florida. Ó wá fi kún un pé bí kò bá sí àdírẹ́sì, kí owó lọ síbi tí ilé iṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀.

Àfikún kékeré yẹn sọ Delaware di olówó. Ìpínlẹ̀ kékeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ti forúkọ sílẹ̀, owó tí kò ní àdírẹ́sì sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1974 ní kí owó mọ́nì-ọ́dà lọ síbi tí wọ́n ti rà á. Síbẹ̀ Delaware ń gba ti irú ìwé owó kan tí MoneyGram ń tà, ó ní kì í ṣe mọ́nì-ọ́dà. Ìpínlẹ̀ tó pọ̀ para pọ̀ pè é lẹ́jọ́, ní oṣù kejì ọdún 2023 sì ni gbogbo àwọn adájọ́ pátá fẹnu kò pé kó gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ti California dùn mí ju ti Delaware lọ. Wọ́n ń ta ṣíà tí wọ́n bá kó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, láìwá olówó rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tó pè wọ́n lẹ́jọ́ ti ṣiṣẹ́ ní Intel kó tó lọ gbé ní England. Ó fẹ́ lo ṣíà rẹ̀, ó sì bá a pé ìpínlẹ̀ ti tà á. Kì í ṣe pé ó sá, kì í ṣe pé ó kú. Ní 2007, ilé ẹjọ́ dá gbogbo ètò náà dúró títí California fi yí òfin rẹ̀ padà, pé òun yóò kọ lẹ́tà sí olówó kí ohun ìní rẹ̀ tó kúrò níbi tó wà. Ẹni tó ń bá èèyàn tọ́jú nǹkan gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ni ín. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ọba àtijọ́ ló tún ń ṣe.

Àwọn kan mú wíwá náà ní ọ̀kúnkúndùn. Iowa dá ètò kan sílẹ̀ ní 1983 tí wọ́n pè ní Great Iowa Treasure Hunt, wọ́n sì ń gbé e lọ síbi àṣeyẹ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, kí èèyàn lè béèrè orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1999, MissingMoney.com bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn fi lè wá orúkọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpínlẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá owó rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí yín pé òun yóò bá yín gbà á, kí ẹ fún òun ní ìdá kan níbẹ̀, ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín ló fẹ́ tà fún yín.

Àwa Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà ní wàhálà tiwa. Owó oṣù tó kẹ́yìn, owó ìdúró tí a san sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ iná, àjẹkù àkáǹtì ilé tí a ti kó kúrò, ọ̀pọ̀ ló wà lábẹ́ orúkọ tí a ò ní ronú kàn. Oluwaseun wà níbì kan bí Seun. Òṣìṣẹ́ kan fi orúkọ àbísọ sípò orúkọ bàbá, òmíràn gé Adé kúrò lára orúkọ náà. Ẹ wá gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé ọkọ àti ti ilé bàbá, ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí ẹ ti gbé rí.

Ní Nàìjíríà, ṣíà ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Òfin ológun ọdún 1972 àti 1977 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ta lára ìpín wọn fún ọmọ ilẹ̀ wa, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì rà níbẹ̀. Ìwé èrè ń gba pósítọ́fíìsì kọjá, bí onítọ̀hún bá kó kúrò nílé, ó pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ ní kí owó okòwò báǹkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí, wọ́n ta ṣíà láti rí i, ṣíà tún kún ìgboro, àwọn kan rà á lórúkọ ọmọ, àwọn kan yí orúkọ ara wọn po kí wọ́n lè rí púpọ̀ gbà. Orúkọ wọ̀nyẹn kò bá ti àkáǹtì báǹkì mu mọ́. Òfin ilé iṣẹ́ ọdún 1990 sì fún olówó ní ọdún 12 péré láti fi béèrè èrè rẹ̀; lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ bọ́.

Òfin ìnáwó ọdún 2020, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2021, ní kí èrè ṣíà àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín ìdókòwò àti owó àkáǹtì tó ti sùn, tí ọdún mẹ́fà bá kọjá lórí wọn, bọ́ sínú àpò àgbàtọ́jú kan lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ onípìn-ín bínú gan-an, wọ́n ní owó tí ìjọba yóò yá ná ló ń wá. Mi ò lè bá wọn wí. Ní oṣù keje ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ tún gbé ìlànà tirẹ̀ jáde fún owó báǹkì tó ti sùn fún ọdún mẹ́wàá: ọ̀dọ̀ òun ni yóò wá, àmọ́ báǹkì tó ni àkáǹtì ni olówó tàbí ajogún rẹ̀ yóò gbé ìwé lọ, bí ìbéèrè náà bá sì ti dé ọwọ́ òun, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lọ kí òun tó san án, tòun tèlé bí èlé bá wà.

Gbólóhùn kan wà nínú òfin 2020 náà tí mo fẹ́ràn. Ó pe owó yìí ní gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ jẹ olówó, ó sì ní olówó lè wá gbà á nígbàkigbà. Ọdún 12 ti òfin àtijọ́ kò sí níbẹ̀.