Abiyamọ Tó Lọ Sinmi Kò Kọ Ọmọ Rẹ̀ Sílẹ̀

Bí ilé ìwé bá ti gba họlidé gígùn, tàbí tí Iléyá tàbí Kérésì bá ti wọlé dé, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn: òbí tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà nílé, tó wá ń wá ibi tó máa dá jókòó sí, kò fẹ́ràn ọmọ tó. Ìyá ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ sí. Wọ́n á ní, "Ṣebí ìwọ lo bí wọn?" Wọ́n á tún mú àwọn ìyá wa àtijọ́ wá, pé ọmọ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni wọ́n tọ́, wọn ò sì fìgbà kan sọ pé àwọn fẹ́ dá wà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ni ìgbàgbọ́ náà fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni, wọn ò sọ ọ́. Wọn ò sọ ọ́ torí pé wọ́n ti ní in.

Ẹ wo agbo ilé ní Bẹẹrẹ, ní Mápó, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìyá á gbé igbá rẹ̀ lọ sọ́jà láàárọ̀, ọmọ tí wọ́n ti gbà lẹ́nu ọmú á wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ tàbí ìyàálé, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé ó ja ọmọ jù sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ irun, á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbórí lé itan onídìrí. Ṣùkú ni o, kòlẹ́sẹ̀ ni o, jíjókòó ibẹ̀ kì í ṣe ti ìṣẹ́jú díẹ̀. Oorun á gbé e lọ, á jí, á dá sí ìtàn tí wọ́n ń sọ, oorun á tún gbé e. Bí ọmọ bá fẹ́ máa fà á láṣọ, ẹlòmíì á ti gbé e pọ̀n kó tó ké ẹ̀ẹ̀kejì. Bó bá di alẹ́, gbogbo ọmọ ilé á rọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún àlọ́, àwọn ìyá wọn á ráyè na ẹ̀yìn. Ní ti àwọn bàbá, ará Ìbàdàn ní ilé, ó sì ní oko. Wọ́n lè wà lábúlé oko lọ́pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó wálé, bí wọ́n bá sì délé, ìdí ọpọ́n ayò ń bẹ lábẹ́ igi.

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. A ṣì ń pa òwe yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka ojú tó wà nínú fúláàtì kan ní Akóbọ̀ tàbí Olúyọ̀lé lónìí. Géètì wà ní títì, ìyá àgbà wà lábúlé, àbúrò ìyàwó wà ní Kánádà. Tó bá jẹ́ pé Èkó ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń já sí Mọ́níyà nínú ọkọ̀ ojú irin, ojú méjì péré ló kù. Nígbà tí ilé ìwé ń lọ lọ́wọ́, tíṣà àti lẹ́sìn ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni títí di ọ̀sán. Họlidé ló ń gba ìrànlọ́wọ́ yẹn kúrò. Ni ìyá á bá máa dáná àárọ̀, abọ́ ò tíì gbẹ tí ẹnìkan á ti ní ebi ń pa òun, ìjà lórí rìmóòtù, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ìka wẹ́wẹ́ mẹ́rin yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe?" Ẹ̀yin tí ẹ ń bi í pé kí ló fẹ́ fi dídá wà ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú inú wo ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ láti ìdájí títí dalẹ́.

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Yunifásítì UCLouvain ní Bẹ́ljíọ̀mù, Isabelle Roskam àti Moïra Mikolajczak, ti ń wádìí ọ̀rọ̀ òbí tí ọmọ títọ́ ti tán lókun. Àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn bi òbí 17,409 ní ìbéèrè ní orílẹ̀-èdè 42, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2021. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwùjọ tí oníkálukú ti ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni àárẹ̀ yìí ti ń mú òbí jù. Èyí gbéwọ̀n ju iye ọmọ lọ, ó ju ọjọ́ orí wọn lọ, ó ju iye wákàtí tí òbí ń lò pẹ̀lú wọn lọ. Mo rò pé ohun tí agbo ilé ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn. Ìwádìí wọn tún fi hàn pé òbí tó bá ti rẹ̀ dé ojú egungun báyìí, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ọmọ, ó sì lè dé ibi àìbìkítà tàbí lílù. Ìyá tí kì í sinmi rárá ló wá sún mọ́ ohun tí a ń bẹ̀rù jù.

Ọmọ ńkọ́? Ṣé kò ní rò pé wọn ò fẹ́ òun? Lọ́dún 1964, Rudolph Schaffer àti Peggy Emerson gbé èsì ìwádìí wọn jáde lórí ọmọ ọwọ́ 60 ní ìlú Glasgow. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi máa pé oṣù 18, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ti ní ju ẹnìkan lọ tí ọkàn wọn so mọ́: bàbá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò. Ìfẹ́ ìyá ò dín kù síbẹ̀. Ohun tó máa ń dẹ́rù ba ọmọ ni kí ìyá yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde nígbà tí ọmọ ń wo kátúùnù. Ọmọ á gbójú sókè, kò ní rí i, láti ọjọ́ náà lọ á máa ṣọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ sọ fún un lójúkojú: "Mò ń lọ, tí ẹ bá jẹun ọ̀sán tán, màá ti dé." Kí ẹ sì dé lóòótọ́.

Ìbẹ̀rù kan wà tí mi ò ní fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn kan ń sọ pé ayé ti bàjẹ́, wọn ò lè fọmọ ti ẹnikẹ́ni. Wọn ò jẹ̀bi. Kí òbí lọ dá wà kò túmọ̀ sí kí ó ti ọmọ kékeré mọ́lé ní òun nìkan, níbi tí kànga, gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ wà. Ó gbọ́dọ̀ fi wọ́n lé àgbàlagbà tó mọ̀ délé lọ́wọ́. Àwọn ìyá méjì ládùúgbò kan lè bára wọn ṣe é: tèmi wá sọ́dọ̀ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tìẹ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́bọ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Àwọn mìíràn ti rí ọgbọ́n tiwọn dá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ń pa wọ́n lára ni. Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, wọ́n á máa tẹ fóònù títí di aago kan òru, torí ìgbà yẹn nìkan ni ilé parọ́rọ́. Oorun ni wọ́n ń jí lò. Bílẹ̀ bá mọ́, ìbínú á ti dé ẹnu kó tó di pé ọmọ ṣe nǹkan kan. Wákàtí kan lójúmọmọ sàn ju mẹ́ta òru lọ. Bí àárẹ̀ náà bá sì di ìbànújẹ́ tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò wọlé, tí oorun ò kùn, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ìsinmi. Ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní UCH.

Kò dìgbà tí èèyàn bá lọ gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ìdílé bá jọ lọ sí ọgbà Àgòdì, kí bàbá kó àwọn ọmọ lọ síbi jangilọ́fà, kí ìyá jókòó sétí omi pẹ̀lú ìwé tàbí láìsí ìwé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀, torí bàbá náà ń rẹ̀. Àmọ́ ìsinmi bàbá kì í fa àríyànjiyàn láàárín wa. Ó lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé, ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ohun kan náà ni kí wọ́n gbà fún ìyàwó rẹ̀.

Bàbá tó bá sì ti gbà á, kó gbà á tán. Kó kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó wá oúnjẹ wọn fúnra rẹ̀, kó nu imú wọn, kó má pe ìyàwó lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti béèrè ibi tí bàtà ọmọ wà.