Bí Ayé Ṣe Mọ̀ Pé Ara Lè Bá Ara Rẹ̀ Jà

Ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà dé Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, bí oríkèé ìka obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí kò lè gbá ọmọ odó mú gún iyán mọ́, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò títí tí wọn kò rí kòkòrò àrùn kankan, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé: "Ta ni ó ṣẹ̀?" Wọ́n á wo orogún, wọ́n á wo ìyá ọkọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti tipa bẹ́ẹ̀ dàrú. Ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ pé ọ̀tá tí wọ́n ń wá káàkiri, inú ara aláìsàn náà ló lè wà, láìsí ẹnikẹ́ni tó rán an.

Ewúrẹ́ ni ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1900, Paul Ehrlich àti Julius Morgenroth ní Jámánì ń fi ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ kan gún òmíràn lábẹ́rẹ́. Láìpẹ́, ara èyí tó gbà á á pèsè èròjà tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àlejò náà túútúú, àmọ́ èròjà yẹn kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tó pèsè rẹ̀. Ehrlich fún un ní orúkọ Látìnì, horror autotoxicus: ẹ̀rù ń ba ara láti fi oró pa ara rẹ̀. Kò sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Àwọn tó tẹ̀lé e ló sọ ọ́ di òfin. Nígbà tí Donath àti Landsteiner ní Vienna fi hàn ní 1904 pé ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan ń fọ́ ara rẹ̀ bí òtútù bá ti mú wọn, tí ìtọ̀ wọn á sì pọ́n, ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á sí.

Báwo wá ni ara ṣe ń mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀? Màlúù ìbejì ló dáhùn. Ẹni tó bá ti sin màlúù pẹ́ lè ti kíyè sí i pé bí màlúù bá bí ìbejì, akọ kan abo kan, abo yẹn sábà máa ń yàgàn. Ní 1916, Frank Lillie ṣàlàyé pé iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti so pọ̀ nínú ilé ọmọ. Lẹ́yìn náà, Ray Owen ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ń yẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù wò láti mọ bàbá tó ni ọmọ. Lẹ́tà kan dé láti Maryland: akọ méjì tí ìran wọn yàtọ̀ ti gun abo kan, ó sì bí ìbejì, bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owen yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ àti ti èkejì rẹ̀ ń gbé pọ̀ láìjà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1945. Ohun tí ara bá bá pàdé nínú oyún, ó ń kà á sí tirẹ̀. A kò bí ìmọ̀ yẹn mọ́ ara. Ńṣe ni ara ń kọ́ ọ. Àwa tí a ń bí ìbejì tó báyìí, ó yẹ kí apá yìí dùn mọ́ wa ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní 1949, Macfarlane Burnet àti Frank Fenner ní Ọsirélíà sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a lè kọ́ ọmọ inú oyún láti gba ohun àjèjì. Peter Medawar ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀rọ̀ àwọn tí iná jó ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ó rí i pé awọ ẹlòmíràn tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ wọn kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ní 1953, òun, Rupert Billingham àti Leslie Brent fi sẹ́ẹ̀lì eku ìran mìíràn gún ọmọ eku nínú oyún. Nígbà tí àwọn eku náà dàgbà, wọ́n lẹ awọ eku funfun, ti ìran tó ni sẹ́ẹ̀lì yẹn, mọ́ wọn. Ẹ fojú inú wò ó: eku aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń sáré kiri, irun funfun hù ṣùùrù ní ibì kan lára rẹ̀, awọ yẹn kò wú, kò gbẹ, kò jábọ́. Burnet àti Medawar gba ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Wọn kò fi Owen kún un. Medawar fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí i pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ara kọ́ lè bàjẹ́. Ní 1956, Noel Rose àti Ernest Witebsky ní ìlú Buffalo, ní Amẹ́ríkà, mú lára táírọ́ọ̀dù ehoro, ìyẹn ẹ̀yà ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, wọ́n fi èròjà tó ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara sókè pò ó, wọ́n sì gún un padà sára ehoro kan náà. Ara ehoro kọjú ìjà sí ọrùn ara rẹ̀. Witebsky, tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ehrlich, lọ́ra gidigidi láti gbà á. Ní ọdún yẹn kan náà, Ivan Roitt, Deborah Doniach àti Peter Campbell ní London rí irú ìjà yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwọn tó ní irú gẹ̀gẹ̀ tí Hakaru Hashimoto ti ṣàpèjúwe ní 1912. Gẹ̀gẹ̀ tí àìtó áyódíìnì ń fà yàtọ̀ sí èyí.

Jacques Miller fi hàn ní 1961 pé táímọ́ọ̀sì, ẹ̀yà kékeré tó wà lẹ́yìn egungun àyà, ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ bá ara jà ti ń kú kí wọ́n tó jáde. Díẹ̀ ń yọ́ jáde ṣá. Ta ló ń dá wọn dúró? Ní 1969, àwọn ará Japan méjì, Nishizuka àti Sakakura, yọ táímọ́ọ̀sì ọmọ eku ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i, ni ilé ẹyin abo bá bàjẹ́. Shimon Sakaguchi fi ọ̀pọ̀ ọdún lépa ìdí rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti pa á tì. Ní 1995 ó tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì apẹ̀tùsááwọ̀ tó ń dá àwọn yòókù lẹ́kun. Ní 2001, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell rí apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n sọ ní Foxp3: bó bá bàjẹ́ lára akọ eku, kì í pẹ́ láyé, bó bá bàjẹ́ lára ọmọkùnrin, ara rẹ̀ á dojú kọ ìfun, awọ àti ẹ̀yà tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kékeré. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Nobel ní 2025.

Inú ìdílé àrùn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà yìí ni irú làkúrègbé tó ń wú oríkèé wà, pẹ̀lú lúpọ́ọ̀sì, tó lè ba awọ, oríkèé àti kíndìnrín jẹ́, àti irú àtọ̀gbẹ tó máa ń mú ọmọdé. Obìnrin ni púpọ̀ nínú àwọn tí làkúrègbé yìí àti lúpọ́ọ̀sì ń mú. Oògùn bíi prednisolone ń tẹ gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara lórí ba, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lò ó fi gbọ́dọ̀ yára lọ rí dókítà bí ibà bá dé, tí kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ohun tí àwọn olùwádìí ń dán wò lára ènìyàn báyìí ni kí wọ́n sọ àwọn apẹ̀tùsááwọ̀ yẹn di púpọ̀ sí i, kí ìjà rọlẹ̀ níbi tó ti ń jà nìkan, kí ìyókù ara sì lè máa bá kòkòrò àrùn jà.