Orúkọ "Gíráfíìkì" Ló Tàn Yín

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá ní ìsọ̀ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí kí ẹnì kan má gbé kọ̀ǹpútà wọlé, kó ní kí n bá òun wá káàtì gíráfíìkì tó lágbára, ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán sójú gíláàsì, torí pé Photoshop tóun fi ń tún fọ́tò ṣe ń wọ́ bí ìgbín. Ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ń sọ ọ́, ẹni tó ń ya ìsọmọlórúkọ ń sọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní Kétu wọ mọ́tò wá torí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àlàyé gbogbo wọn kò yàtọ̀: àwòrán ni fọ́tò, ti àwòrán ni káàtì, nítorí náà bí káàtì bá ti tóbi tó ni iṣẹ́ fọ́tò á ṣe yá tó.

Pé káàtì tuntun sàn ju ti àtijọ́ lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, kó rà á, kó gbádùn ara rẹ̀. Orúkọ yẹn, "gíráfíìkì", ni èmi ń bá jà. Ká ní "káàtì ọ̀wẹ̀" ni wọ́n sọ ọ́ látilẹ̀ ni, bóyá ẹnu mi ì bá ti sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ń ṣìnà. Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò kì í ṣe àwòrán rárá. Nọ́ńbà ni. Fọ́tò tí kámẹ́rà mẹ́gápísẹ́ẹ̀lì 24 bá yà jẹ́ písẹ́ẹ̀lì 6000 ní ìbú, 4000 ní òró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Mílíọ̀nù 72 nọ́ńbà nìyẹn. Tí ẹ bá ní kí ojú ìyàwó mọ́lẹ̀ sí i, ìṣirò lẹ ní kí wọ́n ṣe lórí nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ta ló ń ṣe ìṣirò ọ̀hún? Lọ́pọ̀ ìgbà, pùrósẹ́sọ̀ ni, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Káàtì kì í dá sí i àfi tí àwọn tó kọ Photoshop bá dìídì kọ ọ́ pé kí irú iṣẹ́ báyìí gba ọ̀dọ̀ káàtì. Ọdún 1990 ni Photoshop jáde. Ọdún 2008, nínú ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n pè ní CS4, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàtì gidi, ìyẹn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju pé kí àwòrán máa tóbi, kó máa kéré, kó máa yí lójú gíláàsì láìfà. Ọdún méjìdínlógún gbáko ni àwọn èèyàn fi ń tún fọ́tò ṣe tí káàtì kò lọ́wọ́ sí i.

Kí ló dé tí wọn ò wá kó gbogbo iṣẹ́ fún káàtì? Ẹ wo ọ̀wẹ̀ lóko. Bí ogún èèyàn bá wá bá yín kọ ebè, tí kálukú mú poro tirẹ̀, kí oòrùn tó mú wọ́n ti parí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òwú lẹ fẹ́ fi bọ abẹ́rẹ́, ogún èèyàn ò yá ju ẹnì kan lọ, wọ́n á kàn máa dí iná mọ́ra wọn lójú ni. Ọ̀wẹ̀ ni káàtì. Káàtì tí wọ́n ń pè ní GTX 1050 Ti ní òṣìṣẹ́ kéékèèké 768 nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní RTX 3060 ní 3584. Pùrósẹ́sọ̀ lè má ní ju mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀jáfáfá lọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Liquify, Smart Sharpen, àti oríṣiríṣi ìkùukùu inú Blur Gallery, irinṣẹ́ inú Photoshop ni gbogbo wọn, iṣẹ́ ebè sì ni wọ́n. Ṣíṣí fáìlì ńlá, fífi í pamọ́, abẹ́rẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé wọ́n gbọ́dọ̀ kó nọ́ńbà lọ bá káàtì kí wọ́n tún kó o padà. Tí iṣẹ́ bá kéré, owó ọkọ̀ á ju owó ọjà lọ.

Gene Amdahl ará Amẹ́ríkà ti la èyí yé àwọn oníkọ̀ǹpútà láti 1967. Ká ní iṣẹ́ kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 100, tí 10 nínú rẹ̀ jẹ́ ti káàtì. Ẹ lọ ra káàtì tó wọ́n jù láyé, kó ṣe tirẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ ṣì máa dúró 90. Mo ti ṣàlàyé èyí fún èèyàn títí ohùn mi fi há. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ó yé wọn, wọ́n á wá bi mí pé tó bá jẹ́ káàtì tó ní gígà 12 ńkọ́.

Ọmọ Kétu tí mo wí yìí ti ra 1050 Ti lọ́dún tó kọjá. Kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ìyẹn kò jẹ́ kó ṣiyèméjì sí káàtì o, ohun tó rò ni pé èyí tóun rà ló kéré jù. Mo ní kó jókòó. Èdè Faransé ni Windows rẹ̀, mo ṣí Gestionnaire des tâches, ojú ibi tó ń fi hàn bí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kó ṣí fáìlì rẹ̀ kan, kó sì ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe nílé. Ìpele méjìlá ló wà nínú fáìlì náà, ohun tí Photoshop tirẹ̀ ń pè ní calque. Gígà 8 ni RAM rẹ̀, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, Chrome tó fi ń wo ìńtánẹ́ẹ̀tì sì ti ń jẹun lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí RAM kún dẹ́nu, ni disíìkì tó ń kó fáìlì pamọ́ sí bá gbé e dé 100%, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí eku inú àjà. Ìlà ti káàtì ní tirẹ̀ sùn sílẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé káàtì náà ti kú ni?"

"Kò kú. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́."

Mo wá bá a ṣe ìṣirò gbọọrọ. Ìpele kan tó kún, bó ṣe ń ṣe é ní bíìtì 16, ìyẹn báìtì méjì fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ń lọ sí mẹ́gà 144. Ìlọ́po méjìlá rẹ̀ lé ní 1700. Disíìkì àtijọ́ tó ń yí, mẹ́gà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ká máa fọkàn sí. Tí RAM bá ti kún tí Photoshop ń da ẹrù sórí disíìkì, ẹ ti rí ibi tí ọjọ́ rẹ̀ ń lọ. SSD lásán, disíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, èyí tó ń lo okùn SATA, á ṣe nǹkan bí 500.

Ó ṣí Liquify láti fi jà mí níyàn. Ìlà káàtì fò sókè lóòótọ́. "Ẹ ò rí i!" Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń lo Liquify lójúmọ́. Àwọn tó ń ya ìyàwó ló ń fi í dín ikùn kù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n dìídì fi aṣọ di ìdí fún, tí wọ́n di ọyàn fún, ta ló fẹ́ dín in kù? Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá mú fọ́tò Ẹ̀fẹ̀, eré òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, jáde, ibẹ̀ lẹnu mi ti rọ̀ díẹ̀. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, iná kò tó, fọ́tò náà kún fún èérún bí ẹni da yanrìn sí i. Láti oṣù kẹrin 2023 ni Lightroom Classic, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ti ní Denoise tó ń fọ irú èérún bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ pátápátá sì ni. Lórí 1050 Ti rẹ̀, fọ́tò kan ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Lórí ẹ̀rọ oníbàárà mi kan tó ní RTX, ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ń kà. Lightroom yìí kan náà ti ń fi káàtì kó fọ́tò jáde láti 2022. Nítorí náà, ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún fọ́tò Ẹ̀fẹ̀ láti fọ̀ ní òru kan, mi ò lè sọ pé kó má ra káàtì. Mo ní kó kọ́kọ́ fi RAM kún RAM, kó fi SSD sí i, kó wò ó ná. Mo rò pé ìyẹn ló tọ́ fún un. Fún ẹlòmíì tí gbogbo fọ́tò rẹ̀ jẹ́ ti òru, bóyá káàtì ni ì bá ṣáájú.

Àpótí kọ̀ǹpútà ọmọ Kétu náà tún wà ńlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré tòkunbọ̀ ni, wátì 240 ni ẹ̀rọ iná inú rẹ̀, kò sì ní wáyà tó lè bọ́ káàtì ńlá. Ojú ihò tí káàtì ń wọ̀ kò lè fún un ju wátì 75 lọ. RTX 3060 ń béèrè 170.

Ẹ sì ṣọ́ra fún 1050 Ti olówó pọ́ọ́kú. Àwọn kan ń mú káàtì tó ti gbó kó tó di 2016 tí 1050 Ti jáde, wọ́n á yí orúkọ inú rẹ̀ padà, Windows pàápàá á máa pè é ní 1050 Ti. Mẹ́ta irú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ fi GPU-Z, ètò kékeré tó ń yẹ káàtì wò, sórí USB, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi wo káàtì náà nínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ayédèrú, á kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò síná tóun máa fi tàn án, ẹ ní ẹ máa dúró títí iná á fi dé.