Páàsì kì í ṣe ẹ̀bùn: bí wọ́n ṣe ń dán ilé wò kí ọ̀dọ́langba tó kúrò ní wọ́ọ̀dù

"Ẹ dá a dúró síbẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá pátápátá." Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá gbé ọmọ wọn dé wọ́ọ̀dù ìtọ́jú ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání létí, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ wọlé, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lọ yẹ̀ wò, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti wọ́ọ̀dù mìíràn. Dókítà ọpọlọ ló ń kọ oògùn, nọ́ọ̀sì ló ń fún ọmọ lò. Saikọ́lọ́jíìsì kì í kọ oògùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwàásù ló ń ṣe. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá ìdí tí wàhálà yìí fi mú ọmọ yìí, ní àkókò yìí, nínú ilé yìí gan-an. Tó bá wá di àgbà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ tó ń jókòó tì fúnra rẹ̀ á dín kù. Àwọn saikọ́lọ́jíìsì tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń tọ́ sọ́nà, òun àti dókítà á máa jiyàn ní wọ́ọ̀dù ráùn, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì láti jíròrò lórí àwọn aláìsàn. Ibi tí àgbà yìí sì ti ń hàn jù ni ọ̀rọ̀ páàsì.

Páàsì ni àyè tí wọ́n ń fún ọmọ láti lọ sílé fún wákàtí díẹ̀, tàbí kó sùn mọ́jú, kó sì padà wá. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíì kò ní gbà á.

Ohun tó ń bí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí nínú ni pé gbogbo ènìyàn gbà pé ẹ̀bùn ni páàsì. "Tí o kò bá jẹun, o ò ní lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé o." Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, ìyá ń sọ ọ́, ọmọ náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n. Á rẹ́rìn-ín, á jẹun tán, á kí gbogbo dókítà, á gba páàsì. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Ará Òṣogbo tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ tó wà nínú aró kò tíì di aláró. Tí ìyá aláró bá fà á yọ, àwọ̀ bí ewé ló máa kọ́kọ́ ní, àlejò á sì rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò máa di búlúù lójú ẹni. Ìyá á tún rì í, á tún fà á yọ, atẹ́gùn á tún fẹ́ sí i, títí yóò fi dúdú minimini. Ẹni tó bá rì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì fi í síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò mọ iṣẹ́ náà, torí pé atẹ́gùn wà lára iṣẹ́. Wọ́ọ̀dù ni ìkòkò, ilé ni atẹ́gùn. Èèyàn tilẹ̀ lè béèrè pé ta wá ni èlú, kí sì ni omi eérú, àmọ́ ó tó báyìí, kí ọmọ má baà di adìrẹ mọ́ wa lọ́wọ́.

Èrò pé kí wọ́n ṣáà tọ́jú ọmọ síbẹ̀ kò ṣàdédé wá. Ibi ìfinipamọ́ ni ilé alárùn ọpọlọ tí ìjọba amúnisìn ṣí ní Yábàá, l'Ékòó, ní 1907. Òfin àtijọ́ tó dá lórí títi ènìyàn mọ́lé, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916, la ṣì ń lò títí wọ́n fi fọwọ́ sí tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àmọ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò ti yí ọ̀rọ̀ náà po láti 1954: àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé wọn wá. Ìdílé wà nínú ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Páàsì jẹ́ ọmọ ìyá èrò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọkùnrin ọdún 16 kan láti Alékùwódò, l'Óṣogbo, ṣe àpẹẹrẹ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló gbé e dé ọsibítù. Kò jẹun, kò sùn, ó ní kò wu òun kí ilẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti ń ta ayò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Gbogbo ènìyàn ní ó ti yá. Saikọ́lọ́jíìsì àgbà wá pe àwọn òbí jókòó, ìbéèrè rẹ̀ sì jọ ti olófòófó: Ta ló ń kọ́kọ́ jí nínú ilé? Yàrá ta lọmọ ń sùn? Ta ló máa ń yà kí yín láìsọ tẹ́lẹ̀? Ibẹ̀ ni àbúrò Dádì ti yọjú. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń wá, ohun tó sì ń kọ́kọ́ béèrè ni, "Ìwọ, máàkì mélòó lo gbà ní JAMB?" Kò sí àbúrò Dádì ní wọ́ọ̀dù, kò sí JAMB níbẹ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kí ọmọ yá?

Páàsì àkọ́kọ́ á wá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ilé dákẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé: tí àyà ọmọ bá ti ń já, yóò sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jáde síta." Mọ́mì kò ní béèrè ohunkóhun, kò ní gbàdúrà sókè, wọ́n á kàn jọ jókòó síta. Kí ọmọ tó dé, gbogbo oògùn ilé ti wà nínú àpótí tí Dádì fi àgádágodo tì, apakòkòrò sì ti kúrò nínú ilé pátápátá.

Ká ní ọmọ sọ gbólóhùn rẹ̀, tí Mọ́mì sì gbàgbé, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe dáadáa. Ọmọ á wọ yàrá, kò ní jẹun alẹ́. Wọ́n á dá a padà ní ọjọ́ kejì tìbànújẹ́tìbànújẹ́, Dádì á sì ní, "Ẹ ò rí i? Kò tíì yá." Saikọ́lọ́jíìsì kékeré náà á fẹ́ fagi lé páàsì tó kàn. Àgbà á ní rárá, ẹ dín in kù sí wákàtí mẹ́ta, kí Mọ́mì sì wá lọ́jọ́ Wẹ́sídè kó fi dídákẹ́ dánra wò. Lójú tirẹ̀, páàsì yìí kò bàjẹ́. Ọmọ ṣe ipa tirẹ̀, àwọn àgbà ni kò ṣe tiwọn, ó sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ṣì ń dúró dè é. Èyí tó ń fura sí ni páàsì tí nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé pé, "Ó lọ, ó bọ̀, kò sí wàhálà kankan." Kò sí ohun tí ènìyàn rí kọ́ nínú ìyẹn.

Ọgbọ́n inú ètò yìí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá kúrò ní wọ́ọ̀dù wà lára àkókò tó léwu jù; páàsì ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú ewu náà wáyé nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tó o.

Ibi tó kù sí ni ọ̀nà jíjìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 ló ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn, àmọ́ wọ́ọ̀dù tó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́langba nìkan kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ìdílé tó bá gbé ọmọ láti Òṣogbo lọ sí Aró ń san owó ìtọ́jú láti àpò ara rẹ̀, ó tún ń sanwó mọ́tò. Ta ló fẹ́ máa lọ máa bọ̀ ní Sátidé mẹ́rin? Wọ́n á ní kí ọmọ ṣe páàsì rẹ̀ ní ilé àǹtí kan l'Ábẹ́òkúta. Ó dára ju kò sí lọ, àmọ́ àbúrò Dádì kì í dé ilé àǹtí. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, saikọ́lọ́jíìsì lè ránṣẹ́ pe àbúrò Dádì fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, kó wá béèrè JAMB rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, níṣojú nọ́ọ̀sì.