Ṣé abẹ ló ń mú kí jẹjẹrẹ ìfun tàn ká?

Ọ̀rọ̀ yìí ò tán ní Ògbómọ̀ṣọ́ o. Ẹ dúró ní Takie kẹ́ ẹ ní wọ́n fẹ́ ṣe ọpẹréṣọ̀n jẹjẹrẹ ìfun fún ẹnì kan, kíá lẹnì kan á ti dáhùn pé "ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn án, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i pẹ́nrẹ́n, ó ti tàn nìyẹn." Wọ́n á tún mú àpẹẹrẹ wá: bàbá lágbájá tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ọsibítù, wọ́n la ikùn ẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi sin ín.

Bàbá kú lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó sábà máa ń wà nídìí ẹ̀ ni pé bàbá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tipẹ́, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ń mu àgbo, ìgbà tí ìfun dí tí ikùn wú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn lọ, dókítà là á, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Abẹ bá a níbẹ̀ ni, òun kọ́ ló gbé e débẹ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ lohun tó ń mú kó tàn wà. Nǹkan kan wà tó ń jẹ́ microRNA, kò gùn ju nǹkan bíi lẹ́tà 22 lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà méjì, Victor Ambros àti Gary Ruvkun, ló rí i lára aràn tíntìnní kan, wọ́n gbé e jáde ní 1993, 2024 ni wọ́n tó gba Nobel lé e lórí. Tí jíìnì bá fìwé ránṣẹ́ pé kí sẹ́ẹ̀lì ṣe pùròtéènì báyìí-báyìí, microRNA á lọ lẹ̀ mọ́ ìwé yẹn, kò ní ṣeé kà mọ́.

Nínú ìfun tára ẹ̀ le, àwọn microRNA kan tí wọ́n ń pè ní miR-200 ló máa ń pa pùròtéènì kan tó ń jẹ́ ZEB1 lẹ́nu mọ́. ZEB1 yìí, ọ̀dàlẹ̀ ni jàre, tó bá ráyè, á ti E-cadherin pa, E-cadherin yẹn ló sì so àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun mọ́ra. Nínú jẹjẹrẹ, pàápàá létí ibi tó ti ń wọnú ara lọ, miR-200 á lọ sílẹ̀, ZEB1 á gbérí, sẹ́ẹ̀lì á já kúrò lára ẹgbẹ́ ẹ̀, á rí gbọọrọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó di inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kúrò ní ìfun sì rèé, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ìdí tí jẹjẹrẹ ìfun fi sábà máa ń balẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tó bá débẹ̀ tán, miR-200 tún lè padà sókè, àwọn sẹ́ẹ̀lì á so mọ́ra, wọ́n á fìdí kalẹ̀. microRNA mìíràn, miR-21, ní tiẹ̀, ńṣe ló máa ń pọ̀ jù, á tẹ PDCD4, ìyẹn pùròtéènì tó yẹ kó dá àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dúró, mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo èyí abẹ ò sí níbẹ̀, atẹ́gùn ò dá sí i, aláìsàn gan-an lè má tíì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

Ó yẹ kí dókítà rọra ṣá, torí tí jẹjẹrẹ bá bẹ́ síkùn lásìkò ọpẹréṣọ̀n, sẹ́ẹ̀lì lè dà sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń gé ìfun tó dáa mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n á tún kó àwọn kókó kéékèèké tó yí i ká, ó kéré tán 12, lọ sí láàbù kí wọ́n wò ó bóyá jẹjẹrẹ ti débẹ̀. Tí kò bá sì tíì kúrò nínú ìfun, abẹ yẹn gan-an ló sábà máa ń wò ó sàn.

Oògùn microRNA fún jẹjẹrẹ ìfun ò tíì sí o. Èyí tí wọ́n dán wò ní Amẹ́ríkà fáwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan, MRX34, 2016 ni wọ́n dá a dúró torí ó ń ṣe àwọn tó gbà á léṣe. Ẹni tó bá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kó yà sí ọsibítù LAUTECH tàbí ti Bowen kí wọ́n fi kámẹ́rà yẹ inú ìfun ẹ̀ wò, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́.