Inú Ààfin Ni Lakorn Ti Wá: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Eré Ìfẹ́ Àwọn Ará Táíláńdì

Ẹni tó bá ti wo lakorn bíi mélòó kan, ìyẹn eré ìfẹ́ tí àwọn ará Táíláńdì ń ṣe sórí tẹlifíṣọ̀n, á ti rí i pé wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Ọmọkùnrin olówó kan wà tí ìyá rẹ̀ ti bá a yan ìyàwó. Ọmọbìnrin kan dé láti ilé tí kò lórúkọ. Àṣírí kan wà nínú ẹbí: ogún tí wọ́n gbà mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí obìnrin kejì tí bàbá gbé wọlé. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn tó ń kọ eré náà ń jí ìtàn ara wọn kọ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ààfin ọba ló sì ti jáde.

Nígbà tí Ayutthaya ṣì jẹ́ olú ìlú, tí Bangkok kò tíì di nǹkan kan, ìtàn ọmọ ọba kan láti erékùṣù Jáfà, ní ilẹ̀ Indonesia, ti dé ààfin. Inao lorúkọ rẹ̀. Ìtàn ẹnu sọ pé àwọn ọmọbìnrin ọba méjì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ewì. Ọba Rama Kejì, tó wà lórí oyè láti 1809 sí 1824, wá tún un kọ fún ijó ààfin. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹbí ti fẹ́ Butsaba sílẹ̀ de Inao. Inao lọ rí Jintara níbòmíràn, ó sì ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì fojú kan Butsaba rí. Inú bí bàbá ọmọbìnrin náà, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ òun lòun máa fún. Ọba kan tí kò lẹ́wà rárá ló wá tọrọ rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán ni Inao wá rí Butsaba, ìfẹ́ kó sí i lórí. Ó dáná sí ìlú kí ojú àwọn èèyàn lè kúrò lára ọmọbìnrin náà, ó gbé e, ó di inú ihò àpáta.

Ní 1916, ẹgbẹ́ onílítíréṣọ̀ tí Ọba Rama Kẹfà gbé kalẹ̀ dájọ́ pé ìtàn Inao yìí ló yááyì jù nínú gbogbo eré oníjó ilẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ti wo lakorn tí ọkùnrin ti gbé obìnrin lọ fi pamọ́ sí ibi àdádó, tí ìkórìíra sì padà di ìfẹ́ níbẹ̀, ihò àpáta Inao ló ń wò. Àwọn obìnrin inú ààfin nìkan ló máa ń jó irú eré bẹ́ẹ̀, lakhon nai ni wọ́n ń pè é. Ní ìta, àwọn ọkùnrin ló ń ṣe gbogbo ipa, títí kan ti obìnrin, àfìgbà tí Ọba Mongkut gbà káwọn ará ìta náà máa lo òṣèré obìnrin láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ìdí tí ìtàn ẹbí fi rọ̀ mọ́ wọn báyìí wà nínú òfin ilé wọn. Láyé àtijọ́, òfin pín ìyàwó sí ọ̀nà mẹ́ta: ìyálé tí òbí fọwọ́ sí, ìyàwó kékeré, àti ẹrúbìnrin tí ọkùnrin fowó rà. Ó di 1935 kí òfin tó sọ pé ìyàwó kan péré ni ìjọba mọ̀. Òfin yí padà, àmọ́ mia noi, ìyẹn obìnrin kejì, kò kúrò láwùjọ, kò sì kúrò nínú eré. Oyè tún wà níbẹ̀. Oyè àwọn ìdílé ọba wọn máa ń wálẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan: ọmọ Mom Chao, ìyẹn oyè ọmọ-ọmọ ọba, a máa jẹ́ Mom Rajawongse, ọmọ ìyẹn a máa jẹ́ Mom Luang, lẹ́yìn náà oyè tán. Ìyá tó ń wo orúkọ ilé ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń kéré sí i lójú ara rẹ̀ kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹni tí ọmọ rẹ̀ máa fẹ́. Nígbà tó sì di 24 oṣù kẹfà 1932, tí wọ́n gba agbára pátápátá kúrò lọ́wọ́ ọba, orúkọ nìkan ló kù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ńlá yìí láti máa ṣọ́.

Àwọn obìnrin ló gbé ìbẹ̀rù yìí sínú ìwé, tí wọ́n ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, tí òǹkàwé á sì máa retí èyí tó kàn. Èyí tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni Ban Sai Thong, tí K. Surangkhanang kọ ní nǹkan bí ọdún 1950. Pojaman, ọmọbìnrin onírun dídì méjì, wá gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tó lọ́lá ní Bangkok. Ìyá ilé náà kórìíra rẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin ilé, Chai Klang, nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì padà hàn pé Pojaman gan-an ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé náà. Mi ò mọ lakorn ilé ńlá kankan tí kò jẹ ìtàn yìí ní gbèsè.

Tẹlifíṣọ̀n dé ní 24 oṣù kẹfà 1955, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ìyípadà ìjọba ti 1932 nígbà náà. Bang Khun Phrom ní Bangkok ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́, Channel 4, wà, níbi tí ààfin Ọmọ Ọba Paribatra wà, ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú lẹ́yìn ìyípadà yẹn. Eré onísọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1956, ó sì dá lórí ọmọbìnrin kan, Suriyani, tó kọ̀ láti lọ́kọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ń jáde lórí afẹ́fẹ́, kò sí pé a ń tún un ṣe. Ẹnì kan á jókòó síbi tí kámẹ́rà kò dé, á máa ka ọ̀rọ̀ fún àwọn òṣèré. Channel 7 bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Channel 3 tẹ̀ lé e ní 1970, àwọn méjèèjì ló sì sọ eré alẹ́ di ohun tí gbogbo ilé ń dúró dè.

Nítorí pé inú ìwé ni ìtàn ti ń wá, ìwé kan náà ni wọ́n ń tún ṣe fún ìran tó bá dé. Khu Kam tí Thommayanti kọ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Angsumalin, ọmọ Thonburi tó wà ní òdìkejì odò sí Bangkok, fẹ́ Kobori, ọ̀gá ológun ojú omi Japan, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn tó lọ kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ogun tó gba ilẹ̀ wọn. Kò gbà fún ara rẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà títí bọ́ǹbù fi bà á. Ti Channel 7 ní 1990, tí Thongchai McIntyre kó ipa Kobori, ni àwọn àgbà wọn ṣì ń sọ títí dòní.

Ní 2008, Channel 3 gbé méjì jáde tó yẹ kéèyàn fi wéra. Nínú Jam Loei Rak, Harit jí Soraya gbé nítorí ó rò pé Soraya ló fa ikú àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbátan Soraya ni ẹni tó ń wá. Nínú Sawan Biang, bàbá Kawee fẹ́ ẹ̀gbọ́n Leela, Kawee sì gbẹ̀san lára Leela. Nínú méjèèjì, obìnrin tí kò mọ nǹkan kan ló san gbèsè ẹbí. Sawan Biang ló dùn mí jù, torí pé Kawee kò ṣi Leela mú fún ẹlòmíràn: ó mọ ẹni tó ń fìyà jẹ. Ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tún ní kí á gbà á bí ìfẹ́. Ohun tí kò dára ni, bí ó ti wù kí òṣèré náà rẹwà tó. Nígbà tó yá, àwọn òǹwòran ilẹ̀ wọn fúnra wọn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé kí irú rẹ̀ dópin.

Ní 2013, eré àwọn arákùnrin márùn-ún ilé Juthathep dé. Àwọn àgbà ti ṣèlérí pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ ilé Thewaphrom, àwọn ọkùnrin náà sì ń sá fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rí ọkàn ló fa wàhálà níbẹ̀, kì í ṣe ìjà, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní 2021, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n One31 padà lọ gbé ìtàn àtijọ́ kan tó gbajúmọ̀ gan-an, ti Wanthong, obìnrin tó wà láàárín Khun Phaen arẹwà àti Khun Chang ọlọ́rọ̀. Nínú ewì àtijọ́, ọba ní kó mú ọ̀kan, kò lè mú, ọba sì pàṣẹ kí wọ́n pa á. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ bú obìnrin tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Davika Hoorne ló kó ipa rẹ̀ nínú eré tuntun náà, ojú Wanthong ni wọ́n sì fi sọ gbogbo ìtàn yẹn.